Fóònù Wà Níbẹ̀, Iṣẹ́ Wà Níbẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tí Ọkàn Rẹ̀ Kì Í Pa Pọ̀ Mọ́

Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń fúnni lórí ọ̀rọ̀ fóònù kò ju pé kí ẹ pa á lọ, tàbí kí ẹ yọ Facebook àti TikTok kúrò lórí ẹ̀. Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún aránṣọ kan ní Lágéré n'Ílé-Ifẹ̀, ẹ̀rín ló máa fi yín rín. Orí WhatsApp ni kọ́sítọ́mà rẹ̀ tó wà l'Ékòó ti ń fi àwòrán sítáì ránṣẹ́. Inú fóònù yẹn náà ni alẹ́ẹ̀tì báǹkì ń wọlé sí. Akẹ́kọ̀ọ́ OAU, Yunifásítì tó wà n'Ílé-Ifẹ̀ níbẹ̀, ńkọ́? Orí gúrúùpù kíláàsì ni wọ́n ti ń kéde pé wọ́n ti sún ìdánwò síwájú, ẹni tí kò bá sì sí níbẹ̀ á kàn gbọ́ ọ bí ìròyìn àná ni.

Fóònù ò lọ síbì kankan, nígbà náà. Ohun tí agbára wa ká ni ká dá wákàtí tí yóò máa sọ̀rọ̀ sí fún un, ká dá wákàtí tí yóò dákẹ́ sí fún un, kí àwọn tó ń wá wa sì mọ èwo lèwo. Apá tó gbẹ̀yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tó ń ti òkè òkun wá máa ń fò dá. Wọ́n rò pé fóònù èèyàn, tirẹ̀ nìkan ni. Fóònù ọmọ Yorùbá, ti ìyá ẹ̀ ni, ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni, ti ìjọ ni, ti kọ́sítọ́mà ni. Béèyàn bá tún gbogbo bọ́tìnì inú ẹ̀ tẹ̀ tí kò bá àwọn wọ̀nyí sọ̀rọ̀, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi wá a délé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkàn

Ẹ wo aránṣọ náà nídìí tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Léèsì ló tẹ́ sílẹ̀, téèpù wà lọ́rùn, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́. Ìwé tó kọ ìwọ̀n sí ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlùmọ́gàjí, fóònù sì dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Ó ti wo ìwé: àyà 42, ìbàdí 46. Bó ṣe ní kó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì báyìí ni fóònù gbọ̀n. Kò tiẹ̀ gbé e. Ó kàn yí i padà, ó rí i pé wọ́n fi àwòrán kan sórí gúrúùpù aṣọ ẹbí, ó tún dà á dé. Gbogbo ẹ̀ ò gbà ju kéèyàn mí sí, kó mí síta. Àmọ́ ṣọ́ọ̀kì ò lè lọ mọ́, torí kò dá a lójú bóyá 42 ni tàbí 44. Ó padà sínú ìwé, ó tún téèpù nà. Tí kò bá padà sínú ìwé ńkọ́, tó ní òun rántí? Léèsì tí àlùmọ́gàjí bá ti gbà kọjá, kò ṣeé lẹ̀ padà.

Ibi tí ìnáwó wà nìyẹn. Àkókò tí a fi wo fóònù kéré, èyí tí a fi ń wá ibi tí a bá iṣẹ́ dé ló pọ̀. Sophie Leroy, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 2009 pé bí èèyàn bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn, díẹ̀ lára ọkàn rẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù sídìí ti àkọ́kọ́. Gloria Mark, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì California ní Irvine, ti ṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 2004, nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ni wọ́n ń lò lójú ohun kan kí wọ́n tó ṣí òmíràn. Nínú àwọn ìwádìí àìpẹ́ yìí, ó ti já wá sí nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 47. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ìdíwọ́ tó súnmọ́ ìdajì, àwọn òṣìṣẹ́ náà ló fọwọ́ ara wọn fà á. Ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n.

Kí ló wá ń fa ọwọ́ lọ síbẹ̀ nígbà tí kò dún? B. F. Skinner, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, ti rí i lára ẹyẹlé tipẹ́tipẹ́ kí fóònù tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹyẹ tó bá mọ̀ pé oúnjẹ máa jáde lẹ́yìn tóun bá ti ṣá bọ́tìnì níye ìgbà kan pàtó, á jẹun tán, á sinmi díẹ̀. Èyí tí kò mọ ìgbà tí oúnjẹ máa jáde kì í sinmi, ṣe lá máa ṣá a lọ. Ohun tó ń dá àwọn èèyàn dúró sídìí tẹ́tẹ́ nìyẹn, òun náà ló sì wà nínú WhatsApp. Lẹ́ẹ̀kan, ẹ ṣí i, ẹ bá alẹ́ẹ̀tì owó. Ní ìgbà mẹ́wàá mìíràn, “ẹ kú àárọ̀” tó ní òdòdó lára lẹ bá níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan

Láti ọdún 2018 ni Android ti ní “Digital Wellbeing” nínú Settings, tí iPhone náà sì ní “Screen Time”. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré wo iye wákàtí. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Wákàtí mẹ́rin tí ẹnì kan fi ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn kì í ṣe ọ̀ràn. Iye ìgbà tí ẹ ṣí fóònù lóòjọ́ ni kí ẹ wò. “Unlocks” ni Android pè é, “Pickups” ni iPhone pè é. Ẹ wo èyí tó jẹ́ pé àárín wákàtí iṣẹ́ ló bọ́ sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú bébà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá lọ sára fóònù nígbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ fa ìlà kan. Tó bá jẹ́ pé fóònù ló dún, ẹ kọ F sí i. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ lọ bá a, ẹ kọ E. Ọjọ́ mẹ́ta tó. Ẹni tí F tirẹ̀ bá pọ̀ jù, ìgbésẹ̀ kejì àti ìkẹta ni kó gbájú mọ́. Ẹni tí E tirẹ̀ bá pọ̀ jù, àtúnṣe bọ́tìnì ò lè ràn án lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìgbésẹ̀ kẹrin ni tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ to àwọn tó ń wá yín sí ọ̀nà mẹ́ta

Ẹ kọ orúkọ sílẹ̀, ẹ má ṣe é lórí. Ọ̀nà kìíní ni àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé dá dúró: ọkọ tàbí aya, ilé-ìwé tí ọmọ wà, òbí tó ti dàgbà, ẹni tó ń bá yín ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀nà kejì ni kọ́sítọ́mà, ọmọ kíláàsì, alábàáṣiṣẹ́, àwọn tó ṣe pàtàkì ṣùgbọ́n tí wọ́n lè dúró di ọ̀sán. Ọ̀nà kẹta ni gúrúùpù: gúrúùpù ìdílé, ti àwọn tí ẹ jọ jáde ilé-ìwé girama, ti ìjọ, ti àdúgbò, ti aṣọ ẹbí ìyàwó tí wọ́n ti ṣe láti ọdún tó kọjá tí ẹnikẹ́ni ò tíì tú ká.

Ọ̀nà kìíní kì í sábà ju èèyàn márùn-ún lọ. Tí tiyín bá ti pé mẹ́wàá, ẹ tún un wò, ojú àánú ni ẹ fi yàn án.

Ẹ wá gbé e sínú fóònù. Lórí Android, ẹ ṣí orúkọ àwọn ọ̀nà kìíní nínú Contacts, ẹ tẹ ìràwọ̀ tó wà lókè. Ẹ wọ Settings, ẹ wá “Do Not Disturb”, ẹ sọ fún un pé àwọn oníràwọ̀ nìkan ni kí ìpè wọn máa dún. Níbẹ̀ náà lẹ ó ti rí ibi tí a ti ń gba ẹni tó bá pè lẹ́ẹ̀mejì láyè: lórí Android, ẹni tó bá tún pè láàárín ìṣẹ́jú 15 ni fóònù yóò dún fún. Lórí iPhone, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Ẹ tan ìyẹn. Òun ni yóò gbà yín lọ́wọ́ ìbẹ̀rù pé nǹkan pàjáwìrì lè ṣẹlẹ̀ kí ẹ má gbọ́.

Ní ti gúrúùpù, ẹ tẹ “Mute”, kí ẹ sì yan “Always”, ẹ wá kó gbogbo wọn sínú “Archived”. Ẹ má jáde kúrò nínú gúrúùpù ìdílé o. Láti ọdún 2022, àwọn admin nìkan ni WhatsApp ń sọ fún pé ẹnì kan jáde, ṣùgbọ́n admin gúrúùpù ìdílé yín, ẹ̀gbọ́n bàbá yín ni. Ẹ jókòó síbẹ̀, kẹ́ ẹ pa ohùn rẹ̀ mọ́.

Bí ẹ bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ wọ “Storage and data” kí ẹ pa gbígba fídíò àti àwòrán fúnra rẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí àjọ NCC ti fún àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ láyè láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, fídíò tí ẹ kò ní wò kò yẹ kó máa jẹ dátà yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ bá wọn sọ ọ́

Tí ẹ kò bá ní ṣe ìgbésẹ̀ mìíràn, ẹ ṣe èyí. Nílẹ̀ wa, ẹni tí kò gbé ìpè lè jẹ́ ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹni tó ń bínú, tàbí ẹni tó ti lówó tí kò fẹ́ mọ ẹbí mọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa rò ó fúnra wọn.

Fún kọ́sítọ́mà, ọ̀rọ̀ kúkúrú tó: “Ẹ ǹlẹ́ o ma. Láti aago mẹ́sàn-án sí méjìlá, ìdí ẹ̀rọ ni mo máa ń wà, mi ò ní lè wo WhatsApp. Tó bá jẹ́ ti kánjúkánjú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè mí lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Láago méjìlá, mo máa fèsì fún gbogbo yín.” Ẹni tó bá ń lo WhatsApp Business lè fi í sí “Away message”, kó máa fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ láàárín wákàtí wọ̀nyẹn. Tí aago méjìlá bá wá lù, ẹ fèsì o. Kọ́sítọ́mà tó bá rí i pé ẹ dá òun lóhùn lọ́sàn-án òní, tẹ́ ẹ tún dá òun lóhùn lọ́sàn-án ọ̀la, kò ní pè yín láàárọ̀ ọ̀tunla. Ẹni tí ẹ bá já kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á padà sí pípè lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárọ̀, ẹ̀bi ò sì sí lọ́rùn rẹ̀.

Ìyá yàtọ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá yín tó wà n'Íléṣà pé ẹ ti dá wákàtí sílẹ̀. Ẹ pè wọ́n.

“Màámi, mo máa ń kàwé láàárọ̀ láti aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá báyìí. Tẹ́ ẹ bá pè tí mi ò gbé e, ẹ má fòyà.”

“Ṣé kò sí nǹkan ṣá?”

“Kò sí nǹkan, ma. Tó bá jẹ́ ohun tí kò ṣeé dá dúró, ẹ tún un pè lẹ́ẹ̀kejì lójú ẹsẹ̀, ó máa dún.”

“Tí mo bá gbàgbé ńkọ́?”

“Ẹ pe àǹtí tá a jọ ń gbélé, wọ́n á wá kan ilẹ̀kùn mi.”

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn ni wọ́n fẹ́ kí ẹ ti ní ìdáhùn sí. Ìyá tó bá mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà tí òun lè gbà rí ọmọ òun, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ gbé e jìnnà

Lọ́dún 2017, Adrian Ward àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Texas ní Austin tẹ ìwádìí kan jáde tí nǹkan bí 800 èèyàn kópa nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn kan fi fóònù sórí tábìlì, kí àwọn kan fi í sínú àpò tàbí báàgì, kí àwọn yòókù gbé e sí yàrá mìíràn. Fóònù gbogbo wọn ni kò dún. Síbẹ̀, nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe, àwọn tó gbé tiwọn sí yàrá mìíràn ṣe dáadáa ju àwọn tó gbé e sórí tábìlì lọ. Àwọn mìíràn ti gbìyànjú ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, àbájáde wọn kò sì dọ́gba. Ní tèmi, mi ò nílò kí wọ́n gbà fún ara wọn kí n tó gbé e jìnnà. Fóònù tó wà níbi tí ọwọ́ ò ti lè tó o, kò sí bí ẹ ṣe máa yí i padà láìmọ̀.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ọ̀pọ̀ wa kò ní yàrá mìíràn. Ẹni tó ń gbé nínú yàrá kan lè fi í sínú báàgì, kó fa síìpù rẹ̀, kó gbé báàgì náà sórí wọ́dúróòbù. Kí ẹ dìde, kí ẹ na ọwọ́ sókè, kí ẹ fa síìpù: ìyọnu kékeré yìí ni ẹ fẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi í sínú dúróà tábìlì tó jìnnà sí tábìlì tí ẹ ti ń gé aṣọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí Hezekiah Oluwasanmi Library ní OAU lè bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀: tèmi lọ́wọ́ rẹ, tìrẹ lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó mọ nọ́ńbà tí ẹnì kejì fi ń ṣí tirẹ̀. Èyí sàn ju kéèyàn fi í sílẹ̀ nídìí ṣáàjì níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà kọjá, kó wá padà bá wáyà nìkan.

Àwíjàre máa ń pọ̀ nítorí fóònù ti di gbogbo nǹkan. Òun ni aago, òun ni tọ́ọ̀ṣì, òun ni ẹ̀rọ ìṣirò, òun ni Bíbélì. Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí aago sọ á tan án, kó tó pa á, ó ti wo status ẹni mẹ́fà. Ẹ ra aago ògiri, tàbí ti ọwọ́. Ẹ ra ẹ̀rọ ìṣirò lọ́tọ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kó fi síìmù tí àwọn ọ̀nà kìíní mọ̀ sínú fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, kó jẹ́ òun ni yóò wà lórí tábìlì. Bátìrì rẹ̀ kì í sì í tètè kú.

Ẹ fi bébà àti bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Tí ó bá sọ sí yín lọ́kàn pé, “Ẹ̀n, mi ò tíì wo iye tí wọ́n ń ta léèsì báyìí,” ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Ọkàn máa ń rọ̀ tó bá ti rí i pé a ò ní gbàgbé. Tó bá di ọ̀sán, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ kọ síbẹ̀, kò wù yín láti wò mọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ mú ìwọ̀n iṣẹ́

Ará Ítálì kan, Francesco Cirillo, ló gbé ọ̀nà oníṣẹ́jú 25 jáde ní ìparí àwọn ọdún 1980 nígbà tó wà nílé ìwé gíga: aago ilé ìdáná tó rí bíi tòmátò ló ń yí sí ìṣẹ́jú 25, á kàwé, á sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, á tún padà. Ó dára fún ìwé kíkà, pàápàá fún ẹni tó ti pẹ́ tó ti jókòó gbọin kàwé gbẹ̀yìn. Fún aránṣọ, kò bá a mu. Kò sẹ́ni tó ń fi aṣọ sílẹ̀ láàárín ọrùn nítorí pé aago dún. Iná mànàmáná ò sì ní bá aago yín ṣàdéhùn. Nítorí náà, ẹ fi iṣẹ́ ṣe ìwọ̀n dípò ìṣẹ́jú: apá méjèèjì á wọlé kí n tó dìde, tàbí, ìbéèrè mẹ́wàá nínú JAMB ti ọdún kan kí n tó mu omi.

Ìsinmi ò gbọdọ̀ jẹ́ fóònù. Ẹ dìde, ẹ na ẹsẹ̀, ẹ mu omi, ẹ wo ìta.

Ẹ tún kọ́ ọkàn yín bí wọ́n ṣe ń dúró lásán. Láti Lágéré dé géètì Yunifásítì nínú kòrópé, ẹ jẹ́ kí fóònù wà nínú àpò. Ẹ wo ojú ọ̀nà, ẹ gbọ́ bí awakọ̀ ṣe ń bá èrò fa ọ̀rọ̀ ṣéńjì. Á kọ́kọ́ ṣe yín bíi pé nǹkan ń sọnù. Ẹni tí kò bá lè jókòó lásán nínú kòrópé, àfàìmọ̀ kó lè jókòó ti ìwé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: alẹ́

Ẹ má jẹ́ kí fóònù sùn lórí ibùsùn. Ẹ ra aago ìtanijí, kí ó má bàa jẹ́ pé fóònù lẹ kọ́kọ́ ń fọwọ́ kàn láàárọ̀. Dátà òru tó rọjú ti sọ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ di ẹyẹ òwìwí. Wọ́n á ní ìwé làwọn fẹ́ wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fídíò ni ilẹ̀ máa mọ́ bá. Tí ẹ bá ní ìwé láti gbà lóru, ẹ kọ àkọlé rẹ̀ sí bébà kí ẹ tó tan dátà, ẹ gbà á, ẹ pa á.

Fún àwọn áàpù tí ojú ewé wọn kì í tán, ẹ lo àkókò tí Digital Wellbeing lè dá fún wọn. Aza Raskin, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà, ló ṣe irú ojú ewé yẹn lọ́dún 2006, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ ní gbangba pé ó dun òun. Ẹ lè sọ ojú fóònù di dúdú àti funfun pẹ̀lú. Ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́, ó ń bí àwọn mìíràn nínú, torí wọ́n ní láti rí àwọ̀ aṣọ tí kọ́sítọ́mà fi ránṣẹ́.

Tí kò bá ṣiṣẹ́

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún mú bébà F àti E jáde fún ọjọ́ mẹ́ta. Tí E bá ṣì pọ̀, fóònù ò tíì jìnnà tó, ẹ wá ibòmíràn tí ó nira ju orí wọ́dúróòbù lọ. Tí F ló pọ̀, ẹ padà sórí orúkọ tí ẹ kọ sílẹ̀. Ẹnì kan wà ní ọ̀nà kìíní tó jẹ́ pé ọ̀nà kejì ló yẹ ẹ́, ẹ sì mọ̀ ọ́n. Ẹ yọ ìràwọ̀ orí orúkọ rẹ̀, kẹ́ ẹ tó yọ ọ́, ẹ pè é kí ẹ sọ fún un.